Ẹsẹ̀ ni Tẹníìsì, Kì í Ṣe Ọwọ́

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, mo fẹ́ bá àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi ní kílọ́ọ̀bù jà lóṣù yìí, mo sì fẹ́ kí ẹ dúró tì mí. Ìjà náà kò ní ẹ̀jẹ̀ nínú. Lórí eré tẹníìsì ni, eré tí ọ̀pọ̀ yín kà sí eré àwọn olówó tó wọ ṣòkòtò péńpé funfun. Ẹ má tíì ṣí ojú ìwé yìí kọjá. Bí ẹ bá ní ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù kékeré náà, tàbí tí ẹ bá ti fi owó oṣù yín ra ráákẹ́ẹ̀tì rí, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n.

Ohun tí mo ń bá wọn jà lé lórí kò ju ẹyọ kan lọ. Wọ́n ní ọwọ́ ni tẹníìsì. Èmi ní ẹsẹ̀ ni.

N kò ní purọ́, èmi náà ti wà lẹ́yìn wọn rí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ọmọ kan, ọmọ ọdún méjìlá, tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé mi lọ sí kọ́ọ̀tù. Kọ́ọ̀tù tẹníìsì ni mo wí o, kì í ṣe ti adájọ́. Kílọ́ọ̀bù náà wà ní ìlú kan tí kò jìnnà sí Ìdó-Èkìtì. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí mo ṣì fẹ́ máa rí ohun tútù mu níbẹ̀. Nígbà tí mo rí i pé ọmọ náà fẹ́ràn eré yìí, mo ra ráákẹ́ẹ̀tì gidi fún un. Iye tí mo rà á, ìyàwó mi kò tíì mọ̀ ọ́n títí di òní, mo sì ń gbàdúrà kó má rí ìwé yìí kà.

A wá kóòṣì fún un. Báyìí ni kóòṣì náà ṣe ń kọ́ ọ: yóò gbé apẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù kalẹ̀ lẹ́bàá nẹ́ẹ̀tì, yóò máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì máa jù wọ́n sí ibi tí ọmọ dúró sí gẹ́lẹ́. Ọmọ kò ní ṣí ẹsẹ̀. Kóòṣì á ní, "Ọwọ́ dà? Na ọwọ́! Yí ọwọ́!" Ọmọ á na ọwọ́, bọ́ọ̀lù á dún pàá, àwa tí a jókòó lábẹ́ igi á pàtẹ́wọ́. Oṣù mẹ́fà la fi pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ ọmọ náà dára débi pé àwọn àgbà kílọ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ìlú òyìnbó.

A wá gbé e lọ sí ìdíje àwọn ọmọdé kan l'Ádó-Èkìtì. Ọmọ tí wọ́n fi kò ó lójú, rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi wé ìdí ráákẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Káńfáàsì ẹsẹ̀ rẹ̀ ti lu, ọmọ-ìka ẹsẹ̀ ń yọjú bí ẹni ń wòran. Mo gbọ́ pé ẹni tó ń ṣa bọ́ọ̀lù ní kọ́ọ̀tù ni bàbá rẹ̀. Èmi ń wo ráákẹ́ẹ̀tì tiwa, mo ń wo tiwọn, àánú ọmọ ọlọ́mọ ń ṣe mí.

6–0, 6–1 ni wọ́n nà wá.

Ọmọ náà kò gbá a dára tó tiwa, mo fi Ọlọ́run ṣe ẹlẹ́rìí. Ọwọ́ rẹ̀ rí wọ́gọwọ̀gọ. Ṣùgbọ́n ibi tí bọ́ọ̀lù bá ti bọ́ sí, ó ti wà níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù tí tiwa bá gbá, tí a ti ń pàtẹ́wọ́ sí, yóò tún padà wá. Tiwa á gbá a lẹ́ẹ̀kejì, yóò tún padà wá. Nígbà tó bá di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, tiwa ti ń nà gàgà bí ẹni tó fẹ́ já máńgòrò tó ga ju òun lọ, bọ́ọ̀lù á sì wọ nẹ́ẹ̀tì.

Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà, ọmọ náà dákẹ́ títí a fi kọjá Ìfàkì. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú. Ọwọ́ mi ò ṣẹ̀. Bọ́ọ̀lù ni mi ò bá."

Èmi tí mo ń fi ìwé kíkọ jẹun, n kò tíì kọ gbólóhùn kan tó ṣe kedere tó bẹ́ẹ̀ láti ọdún yìí wá.

Nígbà Àjíǹde a lọ kí ìyá wa ní Orin-Èkìtì. Ìyá ń gbé ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, àwọn ọmọbìnrin àdúgbò sì máa ń kó ara wọn jọ síwájú ilé náà tí oòrùn bá rọlẹ̀, wọ́n á máa ta tẹ́ń-tẹ́ń. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bọ́ sáàárín wọn. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo gbé àga, mo jókòó, ẹnu yà mí! Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró bí òpó iná l'Ádó, òun ló ń lé gbogbo wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́ bí ìyẹ́. Mo bi ara mi pé ta ló gba ẹsẹ̀ yìí lọ́wọ́ ọmọ náà nígbà tó dé kọ́ọ̀tù. Mo mọ ìdáhùn rẹ̀: àwa ni. Àwa la ní kó dúró sójú kan kó na ọwọ́.

Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ kò ta tẹ́ń-tẹ́ń rí, ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Ọmọbìnrin méjì á kojú ara wọn, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́, wọ́n á máa kọrin, wọ́n á máa fò. Bí wọ́n bá ti balẹ̀, oníkálukú á yọ ẹsẹ̀ kan síwájú lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ti fohùn sí i tẹ́lẹ̀ pé bí ẹsẹ̀ bá bára mu, ti ẹni kìíní ni. Bí kò bá bára mu, ti ẹnì kejì ni. Ẹni tó bá fi gìgísẹ̀ balẹ̀ ti pẹ́. Ẹni tó bá fò ga jù, òkè ló ṣì wà nígbà tí ẹsẹ̀ ẹnì kejì ti jáde. Ojú ẹnì kejì lo gbọ́dọ̀ máa wò, kì í ṣe ẹsẹ̀ tìrẹ.

Ohun tí àwọn kóòṣì ayé ń pè ní split step gan-an nìyẹn. Èmi ń pè é ní fífò kékeré. Bí alátakò rẹ bá ti fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, o fò díẹ̀, kò ju kí ìwé ìròyìn kan lè gba abẹ́ bàtà rẹ kọjá lọ. Orúnkún rọ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì fẹ̀ ju èjìká lọ díẹ̀, iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ ni o fi balẹ̀, kí bíbalẹ̀ rẹ sì bọ́ sí ìgbà tí ráákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń kan bọ́ọ̀lù. Bí o bá balẹ̀ báyìí, iṣan ẹsẹ̀ rẹ dà bí rọ́bà kànnàkànnà tí a ti fà sílẹ̀. Ọ̀tún ni o, òsì ni o, iwájú ni o, ara á ju ara rẹ̀ lọ síbẹ̀. Ẹni tó dúró ṣánṣán lórí gìgísẹ̀, ó ní láti kọ́kọ́ tẹ orúnkún kó tó gbéra, bọ́ọ̀lù kò sì ní dúró dè é.

Àwọn kan rò pé eré sísá ni mo ń wí. Rárá o. Ẹ jẹ́ ká wọn kọ́ọ̀tù. Bí ẹnì kan bá ń gbá ẹnì kan, ìdajì tí oníkálukú ń ṣọ́ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 39 ní gígùn, 27 ní fífẹ̀. Láti àárín ìlà ẹ̀yìn dé ìlà ẹ̀gbẹ́ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 13 àti ààbọ̀ lọ. Bí ẹ bá yọ gígùn apá àti ti ráákẹ́ẹ̀tì kúrò níbẹ̀, ìṣísẹ̀ mélòó ló kù? Mẹ́ta, tàbí mẹ́rin. Ẹni tó lè sáré bí ẹtu kò rí ibi sá a sí. Bí a ṣe gbéra ló ṣe pàtàkì, àti bí a ṣe dúró.

Lórí bí a ṣe ń dúró yìí, ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sídìí odó. Ará Èkìtì kì í sọ̀rọ̀ pẹ́ kó má dé orí iyán, tàbí uyán gẹ́gẹ́ bí ìyá mi ṣe ń pè é. Ẹ wo obìnrin mẹ́ta tó ń gún un pa pọ̀ nínú odó kan. Kí ọmọ odó tó lọ sókè, ẹsẹ̀ ti tún ara rẹ̀ tò: ìṣísẹ̀ kékeré sí ọ̀tún, kékeré sẹ́yìn, títí odó á fi wà níbi tó yẹ kó wà sí ara rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń na ara gàgà gún iyán. Bẹ́ẹ̀ náà ni tẹníìsì. Ìṣísẹ̀ ńlá la fi ń kúrò níbi tí a wà, ìṣísẹ̀ kékeré mẹ́ta mẹ́rin la fi ń dé ìdí bọ́ọ̀lù. Àwọn ọmọ wa ń fi ìṣísẹ̀ ńlá lọ, wọ́n ń fi ńlá dé ibẹ̀, bọ́ọ̀lù á wá bọ́ sí wọn lábẹ́ abíyá, a ó sì ní ọwọ́ wọn kò dára.

Ohun kẹta rèé, òun ni ó sì jọ mí lójú jù, nítorí n kò mọ̀ ọ́n títí mo fi pé ogójì ọdún ó lé. Wọ́n kọ́ wa pé bí a bá ti gbá bọ́ọ̀lù tán, ká sáré padà sí àárín gbùngbùn. Irọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Àárín ibi tí bọ́ọ̀lù lè gbà padà wá la ń lọ, ìyẹn kì í sì í ṣe àárín kọ́ọ̀tù nígbà gbogbo. Ká ní o wà ní igun ọ̀tún rẹ, tí o gbá bọ́ọ̀lù dábùú kọ́ọ̀tù lọ sí igun ọ̀tún ti alátakò rẹ. Òun náà lè gbá a dábùú padà, kó sì fẹ̀ kọjá ìlà ẹ̀gbẹ́ rẹ. Ṣùgbọ́n bó bá gbá a tààrà, kò lè jìnnà ju ìlà ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ lọ. Nítorí náà dúró díẹ̀ sí apá ọ̀tún. Kò tíì yẹ kí o dé àárín. Ṣùgbọ́n bí o bá gbá a tààrà láti igun kan náà, ọ̀rọ̀ ti yí padà: o ní láti kọjá àárín lọ sí òsì kí ó tó gbá a. Ọmọ tí kò bá lókun lẹ́sẹ̀ tó sì fẹ́ràn bọ́ọ̀lù tààrà, ara rẹ̀ ló ń fìyà jẹ. Owó ọkọ̀ ló ń san lọ́nà méjì.

Mo dé inú ìjà mi wàyí. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé Àjíǹde, mo kó ọmọbìnrin mẹ́rin láti Orin lọ sí kọ́ọ̀tù wa ní aago méjì ọ̀sán. Kọ́ọ̀tù ṣófo. Ṣíṣófo ló máa ń ṣófo láti òwúrọ̀ di aago mẹ́rin, wọn á fi àgádágodo tì í. Mo ní kí àwọn ọmọ náà ta tẹ́ń-tẹ́ń fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn náà kí n máa ju bọ́ọ̀lù sí wọn lọ́tùn-ún lósì nígbà tí wọ́n bá ń balẹ̀. A kò tíì ju bọ́ọ̀lù mẹ́wàá tí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá kílọ́ọ̀bù fi dé. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni oníwèé ìròyìn, ibí kì í ṣe ojúde ìyá ẹnikẹ́ni. Tẹníìsì là ń gbá níbí, a kì í ta tẹ́ń-tẹ́ń." Àwọn tó tẹ̀ lé e rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ kó bàtà wọn, wọ́n jáde. Èyí tó kéré jù bi mí bóyá àwọn ba nǹkan jẹ́.

Ní aago márùn-ún ọjọ́ yẹn kan náà, mo jókòó wo àwọn tó ń gbá tẹníìsì. Ọkùnrin mẹ́rin wà nínú kọ́ọ̀tù, méjì sí méjì, ikùn wọn ṣáájú wọn. Mo ka ìṣísẹ̀ ọ̀kan nínú wọn. Kò gbé ẹsẹ̀ ju mẹ́ta lọ lórí bọ́ọ̀lù kankan. Bí bọ́ọ̀lù bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, á ní, "Ó ga o!", á sì na ọwọ́ sí ọmọ tó ń ṣa bọ́ọ̀lù. Ọmọ yẹn ló ń sáré. Òun ló ń dúró wò wọ́n lójú kó lè mọ ibi tí bọ́ọ̀lù máa gbà. Òun ló ń gbéra kí bọ́ọ̀lù tó bọ́. Nínú èèyàn márùn-ún tó wà níbẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló ń fi ẹsẹ̀ ṣe tẹníìsì, òun ni wọn kò sì fún ní ráákẹ́ẹ̀tì.

Mo ti gbọ́ èsì wọn. Wọ́n ní ẹsẹ̀ yíyára jẹ́ àbínibí, a kì í kọ́ ọ. Bó bá jẹ́ àbínibí, kí ló dé tí ẹsẹ̀ ọmọ kan náà fi kú l'Ádó tó sì jí ní Orin? Wọ́n ní kọ́ọ̀tù wa ti sán, sìmẹ́ńtì rẹ̀ ti là, bọ́ọ̀lù ń ta gìjà níbi tí a kò fojú sí. Ìdí nìyẹn tí a fi nílò ìṣísẹ̀ kékeré ju àwọn tó ń gbá a lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú lọ! Wọ́n ní àwọn ọmọ ń wo Djokovic nínú tẹlifíṣọ̀n, bó ṣe ń yọ̀ lórí kọ́ọ̀tù líle dé ìdí bọ́ọ̀lù, kí wọ́n kúkú máa kọ́ ìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dán an wò lórí sìmẹ́ńtì wa pẹ̀lú káńfáàsì tó ti lu. Èmi tí mo yẹsẹ̀ lórí ọ̀kan nínú àwọn lílà yẹn, tí mo fi ọ̀pá rìn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo mọ ohun tí mò ń wí. Kí wọ́n kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń balẹ̀.

Àwọn kan tún ní a kò ga tó, a kò lágbára tó. Ọmọ ọdún 17 ni Michael Chang nígbà tó gba ife French Open ní 1989, kò sì ga láàárín àwọn òmìrán tó nà. Ẹsẹ̀ ló fi ń dá bọ́ọ̀lù wọn padà títí inú fi ń bí wọn.

Ká sì fi Amẹ́ríkà sílẹ̀. Ní 1983, ọmọ Nàìjíríà kan tó ń jẹ́ Nduka Odizor pàdé Guillermo Vilas ará Ajẹntínà ní ìpele kìíní ní Wimbledon. Vilas ni wọ́n tò sí ipò kẹrin nínú ìdíje náà. Odizor pàdánù sẹ́ẹ̀tì méjì àkọ́kọ́, ó sì gba mẹ́ta tó kù. Ìpele kẹrin ló bá a dé. Ní 1984 ó wà ní ipò 52 ní gbogbo ayé. Ní 1988, òun àti Tony Mmoh gbá tẹníìsì fún Nàìjíríà ní Òlíńpíìkì tí wọ́n ṣe ní Seoul. Láti ìgbà náà wá, kò sí ẹni tó gbá a fún Nàìjíríà tó dé ibi tí Odizor dé yẹn ní Wimbledon, nínú ìdíje ẹnì kan sí ẹnì kan. Michael, ọmọ Tony Mmoh, ń gbá a, Amẹ́ríkà ló sì ń gbá a fún.

Kí Odizor tó dé Wimbledon, ó kọ́kọ́ gba University of Houston kọjá, tẹníìsì ló sì gbé e débẹ̀. Ohun tó wà nínú eré yìí fún ọmọ tálákà nìyẹn, òun ló sì ń mú inú bí mi. Ọmọ tó wé rọ́bà mọ́ ráákẹ́ẹ̀tì l'Ádó, ta ni yóò rí i? Àwa tó yẹ ká rí i, ọwọ́ là ń wò. A ó ní ọwọ́ rẹ̀ rí wọ́gọwọ̀gọ. A ó sì fi àga sílẹ̀ lábẹ́ igi fún ọmọ ọlọ́wọ́ dáadáa tí kò lè rìn dé ìdí bọ́ọ̀lù.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀gá kílọ́ọ̀bù, láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́, láti Ọ̀yẹ́ dé Ìdó, ohun tí mo ń bèèrè kò ní ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ ṣí àgádágodo yẹn ní aago méjì. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ tó ń ṣa bọ́ọ̀lù fún yín gbá a títí di aago mẹ́rin. Ẹ sọ fún àwọn kóòṣì yín kí wọ́n má ju bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo sí ibi tí ọmọ dúró sí mọ́. Nínú ìdíje, iṣẹ́ alátakò ni láti gbá a sí ibi tí ọmọ kò sí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fo okùn, kí wọ́n ta tẹ́ń-tẹ́ń, kí wọ́n ṣe sùwè lórí kọ́ọ̀tù yín. Bí ojú bá ń tì yín, ẹ pè é ní orúkọ òyìnbó.

Ní tèmi, n kò dúró dè wọ́n. Mo fi okùn wọn ẹsẹ̀ bàtà 27 níwájú ilé ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́yìn ilé ìyá mi, mo fi eérú fa ìlà, mo so okùn mọ́ igi méjì ní àárín, ó di nẹ́ẹ̀tì. Ọmọ mẹ́jọ ló ń wá ní gbogbo ọ̀sán Sátidé. Ráákẹ́ẹ̀tì méjì la ní. Àwọn mẹ́fà tí kò ní ráákẹ́ẹ̀tì á máa fi ọwọ́ lásán mú bọ́ọ̀lù, èyí sì ti kọ́ wọn ní ẹsẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ, nítorí ẹni tí kò bá dé ìdí bọ́ọ̀lù kò lè fi ọwọ́ mú un.

Nígbà ìsinmi tó tẹ̀ lé e, a tún lọ sí Ádó. Ọmọ oníráákẹ́ẹ̀tì rọ́bà ni wọ́n tún fi kò wá lójú. 6–4, 6–3 ló nà wá. Àwọn kan nínú bọ́ọ̀lù yẹn lọ, wọ́n bọ̀, wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, títí àwọn tó ń ta ẹ̀pà fi dáwọ́ dúró láti wò wọ́n. Nígbà tí eré parí, n kò rí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mọ́. Mo wá a kiri. Ẹ̀gbẹ́ ọgbà ni mo bá a, òun àti ẹni tó nà án, wọ́n ti bọ́ bàtà, wọ́n ń ta tẹ́ń-tẹ́ń, bàbá ọmọ náà sì dúró tì wọ́n pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, ó ń bá wọn ka iye. Ráákẹ́ẹ̀tì wa olówó ńlá wà nílẹ̀ nínú yanrìn, kò sẹ́ni tó kà á sí.

Ìyàwó mi, bí o bá ti kà á dé ibí, jọ̀ọ́, jẹ́ kí n jẹun alẹ́ tán ná.